Okun Itan Ni Oògùn Orúnkún

Ní ilẹ̀ Yorùbá, iṣẹ́ orúnkún kò mọ ní rínrìn nìkan. Òun la fi ń kúnlẹ̀ kí àgbà, òun la fi ń gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun la fi ń forí kanlẹ̀ lórí ẹní ìkírun, òun náà la fi ń ká ẹsẹ̀ jókòó ti ìkòkò lórí àpótí. Ìdí nìyí tí ẹni tí orúnkún bá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn fi máa ń rò pé ayé ti fẹ́ pa òun tì. Ohun tí ọmọ àti aládùúgbò sì máa ń kọ́kọ́ sọ fún un ni pé, "Ẹ lọ sinmi, Màmá, ẹ má ṣe wàhálà mọ́." Wọn á gba garawa lọ́wọ́ rẹ̀, wọn á ní kó má gun àtẹ̀gùn mọ́, wọn á ra oògùn ara ríro wálé, wọn á sì gbé àga tìmùtìmù síwájú tẹlifíṣọ̀n fún un. Ìfẹ́ ló ń mú wọn ṣe é. Síbẹ̀, irú ìkẹ́ yìí gan-an ló máa ń sọ orúnkún tó ń dùn di orúnkún tí kò lè gbé ènìyàn mọ́. Ohun tí ẹ̀rí ìṣègùn fi hàn, tí àròkọ yìí sì dúró lé, ni pé okun iṣan itan ni oògùn àkọ́kọ́ fún orúnkún tí ọjọ́ orí ti bá jà, okun yẹn kì í sì í wá láti inú ìsinmi.

Làkúrègbé ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń pe gbogbo ìrora oríkèé, ṣùgbọ́n àrùn tó lè fa irú ìrora bẹ́ẹ̀ lé ní ọgọ́rùn-ún. Èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ nínú wọn ni àwọn dókítà ń pè ní osteoarthritis, òun ni mo sì ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ní ọdún 2019, nǹkan bí mílíọ̀nù 528 ènìyàn ló ní in káàkiri ayé. Nínú ọgọ́rùn-ún wọn, 73 ló ti ju ẹni ọdún 55 lọ, 60 sì jẹ́ obìnrin. Orúnkún ni ó máa ń mú jù. Bí a bá lè wo inú orúnkún, a ó rí i pé orí egungun itan jókòó lé orí egungun ojúgun, eegun rírọ̀ funfun kan tó ń dán sì bo ẹnu àwọn méjèèjì níbi tí wọ́n ti pàdé. Irú eegun rírọ̀ yìí ni ọmọdé máa ń rún lẹ́nu ní ìparí eegun itan adìẹ. Kò ní ẹ̀jẹ̀ nínú, kò sì ní ohun tí a fi ń mọ ìrora. Omi díẹ̀ tó ń yọ̀ wà láàárín, awọ kan tó dà bí àpò sì di gbogbo rẹ̀ mọ́ra. Nígbà tí àìsàn yìí bá wọlé, eegun rírọ̀ náà á máa fẹ́lẹ́, ojú rẹ̀ á máa ṣá, egungun abẹ́ rẹ̀ á máa le, ṣóńṣó egungun á máa hù létí rẹ̀, àpò náà á sì máa wú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Orúnkún á máa dún kẹ̀kẹ̀, á máa gan láàárọ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, á sì máa dùn nígbà tí ènìyàn bá ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn tàbí tó bá fẹ́ dìde.

Níwọ̀n bí eegun rírọ̀ yẹn kò ti ní ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀, inú omi tó yí i ká ló ti ń rí oúnjẹ. Bí a bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ìwúwo ara á fún un, omi inú rẹ̀ á jáde. Bí a bá gbé ẹsẹ̀, á tún fa omi mìíràn mu, bí fóòmù tí a ń fún tí a sì ń tú sílẹ̀ nínú omi. Ebi ni orúnkún tí kò rìn ń jẹ. Àwọn olùwádìí rí èyí kedere lára àwọn tí ọ̀pá ẹ̀yìn wọn ṣèṣe tí wọn kò sì lè rìn mọ́: láàárín ọdún kan péré, eegun rírọ̀ orúnkún wọn ti ń fẹ́lẹ́, bẹ́ẹ̀ wọn kò fi ẹsẹ̀ náà ṣe iṣẹ́ kankan tó lè gbó o. Èyí nìkan kọ́. Iṣan ńlá tó wà níwájú itan ló ń na orúnkún, òun náà ló ń gba agbára ìtẹ̀mọ́lẹ̀ kí gbogbo rẹ̀ má baà dé egungun. Nígbà tí orúnkún bá ń dùn, ènìyàn á máa dá a sí. Bó ti ń dá a sí ni iṣan náà ń joro. Bí iṣan ti ń joro ni ẹrù tó yẹ kó gbé ń já lé oríkèé. Ìrora á le sí i, onítọ̀hún á sì tún dá ẹsẹ̀ sí ju ti ìṣáájú lọ. Bí èyí bá pẹ́, itan tó wà ní ẹ̀gbẹ́ tó ń dùn á tín-ín-rín ju èkejì lọ, ẹni náà kò sì ní lè dìde lórí àga láìfọwọ́ ti nǹkan. Orúnkún ni gbogbo ayé ń dá lẹ́bi nígbà náà, bẹ́ẹ̀ itan ló ti kọ iṣẹ́ sílẹ̀.

Ẹ̀rí ọ̀rọ̀ yìí kò kéré. Ní 2015, Cochrane, àjọ tó ń kó ìwádìí ìṣègùn jọ láti yẹ̀ wọ́n wò lápapọ̀, ṣe àgbéyẹ̀wò ìwádìí 54 lórí ìdárayá fún orúnkún tó ní osteoarthritis. Wọ́n rí i pé ìdárayá ń dín ìrora kù, ó sì ń jẹ́ kí àwọn ènìyàn lè lo ẹsẹ̀ wọn dáadáa sí i. Bí ìrora ṣe dín kù tó kò jìnnà sí ohun tí oògùn bí ibuprofen ń ṣe, àǹfààní náà sì ṣì wà lára oṣù méjì sí mẹ́fà lẹ́yìn tí àwọn ènìyàn parí ìtọ́jú. Ní 2020, a gbé àbájáde ìwádìí mìíràn jáde láti àwọn ilé ìwòsàn ọmọ ogun Amẹ́ríkà: wọ́n pín àwọn aláìsàn 156 sí ọ̀nà méjì, wọ́n fún apá kan ní abẹ́rẹ́ steroid, oògùn tó ń dín wíwú kù, sínú orúnkún, wọ́n sì fi apá kejì sọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ fisiotẹ́rápì, ìyẹn àwọn tó ń fi ìdárayá tọ́jú ara. Nígbà tó pé ọdún kan, ara àwọn tó ṣe fisiotẹ́rápì ló dá jù. Ní Denmark, láti 2013 ni wọ́n ti dá ètò kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní GLA:D. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ méjì ni, pẹ̀lú ìdárayá ìgbà 12 tí ẹnì kan ń bójú tó, kò sì ju ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́fà lọ. Ètò náà ti dé Kánádà àti Ọsirélíà. Ìlànà tí NICE, àjọ tó ń tọ́ àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ́nà, gbé kalẹ̀ ní 2022 fi ìdárayá síwájú fún gbogbo ẹni tó bá ní àìsàn yìí, oògùn sì tẹ̀ lé e.

Àlàyé nípa ìwúwo ara so mọ́ èyí. Ní 2005, Stephen Messier àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà wọn agbára tó ń tẹ orúnkún nígbà tí àwọn àgbàlagbà tó sanra bá ń rìn. Wọ́n rí i pé bí ènìyàn bá fi kílò kan fúyẹ́, ẹrù tó ń bọ́ lórí orúnkún rẹ̀ ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó kílò mẹ́rin. Ẹ fi ìṣísẹ̀ ọjọ́ kan ṣírò rẹ̀. Ìwádìí mìíràn tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2013, tí àwọn ènìyàn 454 kópa nínú rẹ̀ fún oṣù 18, fi hàn pé àwọn tó dín oúnjẹ kù tí wọ́n sì tún ń ṣe ìdárayá ni ìrora wọn dín kù jù, ju àwọn tó ṣe ọ̀kan ṣoṣo nínú méjèèjì lọ. Láàárín wa, ara tó kún ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì fi ń mọ̀ pé ayé dára fún ènìyàn, nítorí náà kò rọrùn láti sọ fún àgbà pé kó dín iyán alẹ́ kù. Orúnkún kò mọ èyí. Ohun tí a bá gbé lé e ló ń rù.

Báwo wá ni a ṣe ń fún itan lókun láìsí ẹ̀rọ, láìsí owó? Àga kan ti tó. Ẹ gbé àga onígi tó le, tó ga tó orúnkún yín, ti ògiri kó má baà sún. Ẹ jókòó sí etí iwájú rẹ̀, kí ẹ má fẹ̀yìn tì. Ẹ fi àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀, kí gìgísẹ̀ fà sẹ́yìn díẹ̀ sábẹ́ orúnkún, kí ẹ sì ká ọwọ́ lé àyà. Ẹ tẹ̀ síwájú títí imú yóò fi dọ́gba pẹ̀lú ọmọ ìka ẹsẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ dìde dúró gbọnrangandan. Ẹ wá padà jókòó jẹ́jẹ́, kí ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta kí ìdí tó kan àga. Jíjókòó jẹ́jẹ́ yẹn ṣe pàtàkì tó dídìde. Ẹni tó bá kàn jù ara rẹ̀ sórí àga ti fi ìdajì iṣẹ́ náà sílẹ̀. Bó bá le jù, ẹ kó ìrọ̀rí lé àga kó lè ga sí i, tàbí kí ẹ fi ọwọ́ kan di tábìlì mú. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ẹ sinmi díẹ̀, kí ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì sí i. Lẹ́yìn èyí, lórí ìjókòó kan náà, ẹ na ẹsẹ̀ kan síwájú títí yóò fi tọ́, ẹ dá a dúró níbẹ̀ fún ìwọ̀n ìgbà tí ẹ ó fi ka ení dé àrún, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí ẹ wá ṣe èkejì. Bí àwọn wọ̀nyí bá ti mọ́ yín lára, ẹ lọ síbi àtẹ̀gùn, ẹ máa gun ìpele àkọ́kọ́ kí ẹ sì máa sọ̀kalẹ̀, kí ọwọ́ wà lára ògiri. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ tó, pẹ̀lú ìrìn ẹsẹ̀ ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí a ó máa fi kún díẹ̀díẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: kò yẹ kí ẹnikẹ́ni dájọ́ ìdárayá yìí kí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ tó pé.

Ẹni tó ń jẹ̀rora yóò béèrè pé, bó bá ń dùn mí nígbà tí mo bá ń ṣe é ńkọ́, ṣé kò ní bà á jẹ́ sí i? Ìbéèrè tó tọ́ ni, torí ìbẹ̀rù yìí ló ń lé ọ̀pọ̀ ènìyàn padà sórí tìmùtìmù. Ìlànà tí àwọn oníṣẹ́ fisiotẹ́rápì ń lò rọrùn. Ẹ fi òdo pe àìsí ìrora, kí ẹ fi mẹ́wàá pe ìrora tó burú jù tí ẹ lè rò. Bí èyí tó wá nígbà ìdárayá kò bá kọjá márùn-ún, tó sì ti padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, kò séwu. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, tàbí tí orúnkún wú, ẹ dín iye rẹ̀ kù, ẹ má pa á tì. Ìrora irú èyí kò túmọ̀ sí pé nǹkan ń ya nínú. Àwòrán X-ray pàápàá jẹ́rìí sí i pé ìrora àti ìbàjẹ́ kì í rìn pọ̀ dọ́gbadọ́gba: àwọn àgbàlagbà wà tí àwòrán orúnkún wọn burú tí wọ́n sì ń rìn láìsí wàhálà, àwọn mìíràn sì wà tí tiwọn kò burú tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò lè sùn. Ohun tí ìdárayá ń yí padà ni okun iṣan àti ìgboyà ẹni tó ni ẹsẹ̀, àwọn méjèèjì kì í sì í hàn nínú àwòrán.

Àtakò kejì lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn kan yóò sọ pé ìyá alákàrà tó ń dúró ti iná láti òwúrọ̀, àgbẹ̀ tó ń tẹ̀ ba ọkọ́, alábàárù tó ń ru ẹrù ní ọjà, gbogbo wọn ló ń ṣiṣẹ́ bí ẹní máa kú, orúnkún wọn ṣì ń dùn. Kí wá ni iṣẹ́ tún fẹ́ ṣe fún wọn? Òótọ́ ni pé rírù ẹrù wúwo àti lílóṣòó fún wákàtí púpọ̀ lójoojúmọ́ wà lára ohun tó ń mú kí orúnkún bàjẹ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ òòjọ́ kì í wọn ara rẹ̀ mọ́ agbára ẹni tó ń ṣe é. Bí ó ti rẹ ọ́ tó, ẹrù ṣì wà níbẹ̀. Ìdárayá yàtọ̀: ó níwọ̀n, ó ń pọ̀ sí i bí okun ti ń pọ̀ sí i, ó sì máa ń fi ọjọ́ ìsinmi sáàárín. Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà tọpa àwọn asáré ọ̀nà jíjìn 45 àti àwọn 53 tí kì í sáré láti 1984 dé 2002, orúnkún àwọn asáré náà kò sì bàjẹ́ ju ti àwọn yòókù lọ. Nítorí náà, fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, nǹkan méjì ló yẹ ká ṣe pọ̀: ká dín ohun tó ń tẹ orúnkún kù, ká sì fi kún agbára itan. Ẹ pààrọ̀ àpótí kékeré fún ìjókòó gíga. Ẹ gbé ààrò àti ọlọ sókè. Bí ẹ bá ń lo ọ̀pá, ọwọ́ òdìkejì ẹsẹ̀ tó ń dùn ni kí ẹ fi dì í mú. Ẹni tí kò bá lè kúnlẹ̀ kí àgbà lè tẹrí ba lórí ìdúró, ẹ̀sìn Ìsìláàmù sì fàyè gba aláìsàn láti kírun lórí ìjókòó. Ìrọ̀rùn wọ̀nyí dára, bí wọn kò bá ti gba ipò ìdárayá.

Àtakò tí mo máa ń gbọ́ jù ni pé eegun tó bá ti gbó ti gbó, àgbà kò lóògùn. Ní 1990, Maria Fiatarone àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Boston tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn arúgbó mẹ́wàá tí wọ́n ń gbé ní ilé ìtọ́jú àgbàlagbà, tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 86 sí 96. Wọ́n fún wọn ní ìdárayá itan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Agbára itan àwọn tó ṣe é parí ju ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀ lọ. A kò lè sọ eegun rírọ̀ tó ti lọ di tuntun, òtítọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n iṣan kò mọ ìgbà tí wọ́n bí ènìyàn. Ohun tó mọ̀ ni bóyá a ń lò ó tàbí a kò lò ó.

Ọ̀rọ̀ oògùn ló kù, torí ibẹ̀ ni owó púpọ̀ ń lọ. Oògùn ara ríro bí ibuprofen, diclofenac àti piroxicam ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì wúlò fún ọjọ́ díẹ̀ tí ìrora bá le. Bí a bá sọ wọ́n di oúnjẹ ojoojúmọ́, wọ́n lè dá ọgbẹ́ sínú ikùn, wọ́n lè ba kíndìnrín jẹ́, wọ́n sì lè gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ orí tí orúnkún ń bẹ̀rẹ̀ sí í dùn náà ni ẹ̀jẹ̀ ríru ń wọlé. Jẹ́ẹ̀lì diclofenac tí a ń fi pa orúnkún kò léwu tó èyí tí à ń gbé mì. Èyí tó burú jù ni oògùn àpòpọ̀ tí wọ́n ń dì sínú ọ̀rá kékeré, tí ẹni tó ń tà á kò lè dárúkọ ohun tó wà níbẹ̀. Bí steroid bíi prednisolone tàbí dexamethasone bá wà nínú rẹ̀, ara á yá ní kíá, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á kún, àwọn ènìyàn á ní ara ń tutù. Lábẹ́lẹ̀, ṣúgà ń gòkè, egungun ń fúyẹ́. Kódà steroid tí dókítà ń gún sínú orúnkún ní ààlà tirẹ̀: nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2017, àwọn tí wọ́n ń gún ní abẹ́rẹ́ yẹn ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta fún ọdún méjì pàdánù eegun rírọ̀ ju àwọn tí wọ́n fún ní omi iyọ̀ lọ, ìrora wọn kò sì yàtọ̀. Glucosamine tí àwọn ọmọ ń fi ránṣẹ́ láti òkè òkun náà, ìwádìí ńlá kan tó kó ènìyàn 1,583 jọ ní Amẹ́ríkà, tó jáde ní 2006, kò rí i pé ó sàn ju oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú lọ fún gbogbo wọn lápapọ̀. Òrí tí a fi ra orúnkún, róòbù, aṣọ tí a rì sínú omi gbígbóná, kò sí èyí tó burú nínú wọn. Wọ́n ń tu ara lára fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì dára kí ìdárayá tó bẹ̀rẹ̀. Gbẹ́rẹ́ sínsín ni kí a jìnnà sí, torí abẹ tí a fi sín ẹlòmíràn lè kó àrùn ran ni. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá: ìrora la ń rí, àìlókun itan ló wà lábẹ́ rẹ̀.

Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi ìdárayá dípò dókítà níbi tí àmì ewu bá wà. Oríkèé tó wú lójijì, tó gbóná, tí ibà sì tẹ̀ lé e, ilé ìwòsàn ni lọ́jọ́ náà gan-an, torí kòkòrò àrùn lè wà nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹsẹ̀ tí kò lè tẹlẹ̀ lẹ́yìn ìṣubú. Bó bá jẹ́ oríkèé kéékèèké ọwọ́ méjèèjì ló ń wú, tí wọ́n sì ń gan fún ohun tó ju ìdajì wákàtí lọ láàárọ̀, ó lè jẹ́ rheumatoid arthritis, èyí tó ní oògùn tirẹ̀ tí kò yẹ kó pẹ́. Bí ìrora tó dà bí iná bá bẹ̀rẹ̀ ní àtàǹpàkò ẹsẹ̀ lóru, ó lè jẹ́ gout. Ọ̀dọ́ tó ní àrùn fòníkúfọ̀ladìde tí ìbàdí ń dùn gbọ́dọ̀ rí dókítà egungun. Iṣẹ́ abẹ náà ní àyè tirẹ̀. Ní Denmark, wọ́n pín àwọn ènìyàn 100 tí dókítà ti gbà pé ó yẹ kí wọ́n pààrọ̀ orúnkún wọn sí ọ̀nà méjì, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2015. Àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ ni ìrora wọn dín kù jù, àwọn náà ni ìṣòro ńlá bá jù lẹ́yìn rẹ̀. Nínú 50 tó kọ́kọ́ ṣe ìdárayá àti ìtọ́jú yòókù láìsí iṣẹ́ abẹ, 13 péré ló padà wá ṣe iṣẹ́ abẹ kí ọdún tó yí po. Nígbà náà, àwọn 37 yòókù kò tíì nílò ọ̀bẹ.

Iye tí iṣẹ́ abẹ yìí ń náni ní Nàìjíríà kò sí lápò ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa, kò sì yẹ kó jẹ́ ọ̀nà àbáyọ àkọ́kọ́. Oníṣẹ́ fisiotẹ́rápì wà ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, ó wà ní ilé ìwòsàn egungun Ìgbóbì ní Èkó, ó wà ní àwọn ilé ìwòsàn ìpínlẹ̀. Ẹni tó bá lè dé ibẹ̀, kó lọ kọ́ bí a ṣe ń ṣe é dáadáa. Ẹni tí kò bá lè dé ibẹ̀ ní àga nílé. Mo ń bẹ àwọn ẹgbẹ́ ìyá ìjọ, àwọn ẹgbẹ́ àṣàlátù àti àwọn olórí ọjà: ẹ ti ń pàdé lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, ẹ fi ìdajì wákàtí kan sílẹ̀ nínú ìpàdé yín fún dídìde àti jíjókòó lórí àga, kí ẹ pe oníṣẹ́ fisiotẹ́rápì kan wá lẹ́ẹ̀kan láti tọ́ yín sọ́nà. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má kàn fi owó oògùn ránṣẹ́ sílé. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn òbí yín iye ìgbà tí wọ́n dìde lórí àga lónìí láìfọwọ́ ti nǹkan, kí ẹ sì tún béèrè lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.